Ojú ṣókùnkùn, léèsì jóná: ẹ bá mi tú fọ́tò ìta gbangba yìí palẹ̀ kí Ojúde Ọba tó dé

Àbúrò_Lẹ́ńsì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin àǹtí wa nídìí kámẹ́rà. Fọ́tò méjì ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má wo ojú mi. "Ó dára, máa bá a lọ" kò lè ràn mí lọ́wọ́ báyìí, torí ẹgbẹ́ obìnrin kan ti ní kí n wá ya àwọn lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan àti lápapọ̀.

Fọ́tò kìíní: ìyá kan tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún. Léèsì funfun ni wọ́n wọ̀, gèlè aṣọ òkè aláwọ̀ àlùkò, ẹ̀jìgbà iyùn méjì lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n dúró síwájú ilé nínú oòrùn kí aṣọ lè tàn. Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú ni. Canon onísẹ́ńsọ̀ APS-C (sẹ́ńsọ̀ tó kéré díẹ̀) ni mo lò, lẹ́ńsì 50mm, ojú lẹ́ńsì f/1.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ṣí tó), ṣọ́tà 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó), JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti fún pọ̀). Mo dúró sí nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, mo ya wọ́n láti àyà sókè. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀: kòtò ojú wọn dúdú débi pé a ò rí ẹyinjú. Léèsì èjìká di funfun gbáà, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ pòórá. Ojú òsì mú dáadáa, ojú ọ̀tún àti gèlè ò mú.

Fọ́tò kejì: ìyá kan náà lábẹ́ igi máńgòrò, f/1.8, 1/500, ISO 200. Ibòòji wà o, àmọ́ ojú wọn rí tótòtó bí ìyẹ́ awó, ara wọn sì ń ṣe bí ewé. Mo gbé Shadows (ibi tó ṣókùnkùn) sókè nínú Lightroom, áàpù tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, ṣe ló wá dà bíi pé a fi eérú pa wọ́n lójú.

Mi ò ní reflector (pátákó tó ń ta ìmọ́lẹ̀ padà), fíláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà nìkan ni mo sì ní. Èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Bàbá_Ìmọ́lẹ̀ (Ṣàgámù)

Àbúrò, o ṣeun tó o kọ aago àti nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé fọ́tò síta láìsí wọn, àfọ̀ṣẹ là ń ṣe fún un.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí léèsì, torí nọ́ńbà tó o kọ ti sọ ẹjọ́ rẹ̀ tán. Nínú oòrùn gangan, òfin àtijọ́ ni pé ní f/16 pẹ̀lú ISO 100, ṣọ́tà á wà ní nǹkan bí 1/125. Tó o bá ṣí ojú lẹ́ńsì dé f/2.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìlọ́po 32, ṣọ́tà náà gbọ́dọ̀ sáré dé 1/4000. F/1.8 tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀: nǹkan bí 1/10000 ló ń béèrè. Kámẹ́rà tìrẹ kò lè kọjá 1/4000. Ó tẹ́, ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù sì lọ dà sórí léèsì. Tó o bá wo inú ihò tá a fi ń wòran, wàá rí i pé nọ́ńbà 4000 yẹn ń ṣẹ́jú. Ìkìlọ̀ ni. Kámẹ́rà ń sọ fún ọ pé agbára òun ti pin.

Ti kòtò ojú wàyí. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, oòrùn kì í dé góńgó ní aago méjìlá géérégé. Àárín 12:30 sí 1:00 ló máa ń jẹ́, bí oṣù bá ṣe rí. Ìyẹn ni pé àkókò tí oòrùn ga jù lọ lóòjọ́ lo mú. Iwájú orí àti etí gèlè di páànù, ojú wá di abẹ́ páànù. Kò sí ohun tó o lè tẹ̀ lára kámẹ́rà tó máa yí ìyẹn padà. Ibi tí ìyá dúró sí ló yẹ kó yí padà.

Mú wọn lọ sí fàráńdà, àmọ́ má mú wọn wọnú lọ. Wo ìlà tí ibòòji ti pàdé oòrùn lórí ilẹ̀. Kí ìka ẹsẹ̀ wọn wà ní ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn ìlà yẹn, kí wọ́n dojú kọ ìta, kí ìwọ dúró síta kẹ́yìn sí ojú ọ̀run. Ojú ọ̀run àti ilẹ̀ tí oòrùn ń ràn ló máa wá ta ìmọ́lẹ̀ wọ abẹ́ ìpéǹpéjú wọn. Kí o tó tẹ bọ́tìnì, wo ẹyinjú: tó o bá rí ìràwọ̀ kékeré kan tó ń dán nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ti wọlé. Tí kò bá sí, ní kí wọ́n yí ojú díẹ̀díẹ̀ sápá kan títí á fi yọ. Tí inú fàráńdà bá ṣókùnkùn, tí ìyá náà sì jẹ́ adúmáradán, ara wọn lè rì sínú òkùnkùn ẹ̀yìn wọn. Jẹ́ kí wọ́n yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ, ìyẹn á là wọ́n yọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Òkúdù ló bọ́ sí. Ní ìparí oṣù Èbìbí sí oṣù Òkúdù, oòrùn ọ̀sán kì í wà lókè orí wa gan-an, apá àríwá ló ń fì sí. Nítorí náà, ìhà gúúsù ilé ni ibòòji máa wà lọ́sàn-án. Ibòòji ọ̀hún kéré o: ògiri tó ga ní mítà mẹ́ta kò ní fún ọ ju sẹ̀ǹtímítà 80 sí 90 lọ. Ilé tí òrùlé rẹ̀ yọ síta ni kó o wá. Lọ yẹ ibẹ̀ wò ní aago méjìlá àbọ̀ kí ọjọ́ tó pé, má dúró dìgbà tí àwọn ìyá bá múra tán.

Lórí fókọ́ọ̀sì: 50mm ní f/1.8, ní mítà kan àbọ̀, lórí sẹ́ńsọ̀ tìrẹ, ohun tó máa mú látiwájú dé ẹ̀yìn kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Ojú ọ̀tún ìyá wà lẹ́yìn ojú òsì nígbà tí wọ́n yà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gèlè tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Pa á dé f/4, á di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14, kó o sì fi fókọ́ọ̀sì sórí ojú tó sún mọ́ ọ jù. Ní ẹnu ibòòji, f/4 pẹ̀lú 1/250 àti ISO 100 sí 200 ló yẹ kó o wà. Tó o bá fẹ́ kí ẹ̀yìn fọ́tò ṣì fẹ́lẹ́, jẹ́ kí ògiri jìn sí ẹ̀yìn wọn, ó kéré tán mítà mẹ́ta.

Ìyá_Gèlè (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti oòrùn, ẹ jẹ́ kí n mú ti máńgòrò.

Àwọn àmì tótòtó yẹn, oòrùn tó gba àlàfo ewé kọjá ni. Wò ó dáadáa, wàá rí i pé róbótó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí àwòrán oòrùn fúnra rẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí àmì kan bá bọ́ sórí igi imú, èkejì sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí edit tó máa gbà á. Tó o bá dé abẹ́ igi, ilẹ̀ ni kó o wò, kì í ṣe òkè. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ní àwọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sí tótò, ibẹ̀ ni kí ìyá dúró sí. Lẹ́yìn náà, wo èjìká léèsì. Aṣọ funfun kì í purọ́, ó máa ń fi àmì oòrùn hàn kí ojú tó rí i lára èèyàn.

Ti àwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ wọn lára: ewé ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ látòkè, koríko sì ń dá a padà látìsàlẹ̀. Ìdí tí white balance (ètò tó ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe) kò fi lè tún un ṣe ni pé abẹ́ àgbọ̀n ní àwọ̀ ewé, ibi tó kọjú sí ojú ọ̀run sì ní àwọ̀ búlúù. Tó o bá wo ọ̀kan sàn, èkejì á ṣàìsàn. Mú wọn kúrò lórí koríko pátápátá. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí náà ní tirẹ̀: kò burú fún ara dúdú, ó máa ń mú un gbóná dáadáa, àmọ́ ó ń pọ́n abẹ́ léèsì funfun bí ìpẹtà. Tẹ́ aṣọ funfun ọ̀pá méjì sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn, níbi tí fọ́tò kò dé. Ìyẹn á gba ilẹ̀ pupa kúrò lọ́nà, á sì tún ta ìmọ́lẹ̀ sókè.

Reflector tó o ní o kò ní, páálí funfun ńlá méjì tó o lẹ̀ pọ̀ tó. Kí ẹnì kan gbé e dání sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ní bíi mítà kan, ní gíga àyà, kó dorí rẹ̀ kọ ojú wọn láti apá tó ṣókùnkùn. Ẹ má gbé e sábẹ́ àgbọ̀n gan-an. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ wá, ihò imú ló kọ́kọ́ máa ń hàn, ojú èèyàn á sì wá dà bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ iná ìdáná. Ẹ má sì lo bébà fóìlì tó ń dán nínú oòrùn, ojú wọn á di, omi á máa bọ́ nínú rẹ̀.

Ó kù síbi ìmúra, ibẹ̀ gan-an sì ni mo ti rí àṣìṣe jù nínú fọ́tò kìíní. Wo iyùn: ìdè rẹ̀ ti yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Ẹ̀jìgbà kejì gun orí èkíní. Wo etí gèlè: ó bo ìdajì iwájú orí, ìyẹn náà wà lára ohun tó fi òjìji kún ojú. Kí oníṣẹ́ gèlè sún un sẹ́yìn kí irun ojú lè hàn ketekete. O tún gé ṣóńṣó gèlè kúrò lápá òkè. Gèlè aṣọ òkè tí èèyàn fara balẹ̀ we, má gé e! Fi àyè bí ìka méjì sílẹ̀ lókè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ fọ́tò náà gé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ó wá dà bíi pé wọn ò ní ọwọ́. Yálà kó o gé e sókè ìgbúnwọ́, tàbí kó o jẹ́ kí gbogbo ọwọ́ wọlé.

Pẹ̀lú pé o ń ya àgbà, má fọwọ́ kan àgbọ̀n wọn láti yí wọn lójú padà. Ṣe é fún wọn rí, kí wọ́n ṣe bíi tìẹ. Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ na ọrùn síwájú díẹ̀ mà." Ó tán. "Ẹ rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ mà." Tí gbólóhùn mẹ́ta bá ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹ̀rín á kúrò lójú wọn. Tí ìpèlé bá wọ́, tọrọ àyè kó o tó tún un ṣe. Tí ojú bá ń dán, fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má nù ún, pọ́dà á ṣí. Kó o sì pèsè àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ooru máa ń hàn lójú ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún.

Dígítà_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti fi nǹkan ni ọmọ yìí lára. Lightroom lónìí lè yan ojú nìkan, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, á nu ara mọ́. Ìṣẹ́jú méjì. Kọ́sítómà fẹ́ kí ara òun mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́.

Bàbá_Ìmọ́lẹ̀ (Ṣàgámù)

Mi ò gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Léèsì tó ti jóná nínú JPEG, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Tó o bá fa Highlights (ibi tó mọ́lẹ̀ jù) sílẹ̀, funfun yẹn á kàn di eérú, iṣẹ́ ọnà kò ní padà wá. Òjìji kòtò ojú náà, tó o bá gbé e sókè púpọ̀, á hó bí iyanrìn, àwọ̀ ara á sì kú. Ìdí nìyẹn tí Àbúrò fi rí eérú lójú ìyá.

Ọ̀rọ̀ kí ara mọ́lẹ̀ tó o sọ ni mo fẹ́ ká sọ gan-an. Ìyá yẹn dúdú. Dúdú wọn kì í ṣe àléébù tí onífọ́tò ń tún ṣe. Kámẹ́rà ló ní àléébù: ohun gbogbo tó bá rí ló fẹ́ kó di àwọ̀ eérú. Tí léèsì funfun bá gba fọ́tò kan, ó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù kí funfun náà lè di eérú, ojú ìyá á wá ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí aṣọ dúdú bá gbà á, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ara á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣìṣe ìwọ̀n ni, kì í ṣe àṣìṣe àwọ̀ ara.

Báyìí ni kó o ṣe é, Àbúrò. Ya RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀). Tan ìkìlọ̀ tó ń mú ibi tó bá jóná ṣẹ́jú lórí ojú kámẹ́rà. Fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí léèsì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kó o wá padà sẹ́yìn ní ìdá kan nínú mẹ́ta stop (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀). Níbẹ̀ ni ojú ìyá ti gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ tí aṣọ lè gbà. Nínú edit, yan ojú àti ọrùn, fi ìdá méjì nínú mẹ́ta stop kún un, ó pọ̀ jù stop kan. Fi ojú wé ẹ̀yìn ọwọ́ wọn nínú fọ́tò kan náà. Tí ojú bá ti mọ́lẹ̀ ju ọwọ́ lọ débi tí èèyàn fi lè rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, o ti kọjá àlà. Má sáré lọ gbé Luminance (ìmọ́lẹ̀) àwọ̀ ọsàn sókè, òun ló ń bó ara láwọ̀.

White balance: kúrò lórí Auto. Nínú ibòòji, yan Shade, tó jẹ́ nǹkan bí 7000K lórí Canon (K ni ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Nínú oòrùn, Daylight, nǹkan bí 5200K. Auto máa ń yí padà láti fọ́tò kan sí èkejì, gèlè àlùkò á sì máa di búlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó ra aṣọ òkè kan náà máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé gèlè tiwọn kọ́ nìyẹn.

Dígítà_Ìkẹ́nnẹ́

Ti ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn wọ̀ mí létí, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà.

Àbúrò_Lẹ́ńsì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun, àǹtí, mi ò tiẹ̀ rí ìdè iyùn yẹn títí ẹ fi sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku méjì. Ogún ni àwọn ìyá náà, gbangba tí kò ní ibòòji ni wọ́n sì fẹ́ dúró sí. Wọ́n tún ní kí n ya agẹṣin kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn.

Bàbá_Ìmọ́lẹ̀ (Ṣàgámù)

Ogún èèyàn ní gbangba: gun nǹkan. Àtẹ̀gùn, àpótí, orí pèpéle, ohun yòówù tó bá gbé ọ ga ní mítà kan àbọ̀ sókè. Tí gbogbo wọn bá gbójú sókè wò ọ́, ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè á wọ inú kòtò ojú wọn fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kẹ́yìn sí apá tí oòrùn fì sí kí ojú wọn má bàa máa di. Bí oòrùn bá ń ràn gan-an, bẹ̀rẹ̀ láti f/8, 1/500, ISO 100, wo bí ojú wọn ṣe jáde, kó o wá tún un ṣe. Má sún mọ́ wọn ju mítà márùn-ún lọ pẹ̀lú lẹ́ńsì tó fẹ̀, àwọn tó wà ní etí á fẹ̀ ju ara wọn lọ. Ìlà méjì: kí mẹ́wàá jókòó sórí àga níwájú, kí mẹ́wàá dúró sí àlàfo wọn. Ṣáájú kó o tó ya, ka ojú, má ka gèlè. Tó o bá ka ojú méjìdínlógún, gèlè ẹnì kan ti bo ẹni méjì. Ya tó mẹ́fà, ẹnì kan á ṣáà ti ṣẹ́jú.

Gbàgbé fíláàṣì orí kámẹ́rà. Ní 1/200 nínú oòrùn, wàá wà ní nǹkan bí f/11, kò sì ní dé ju bíi mítà kan lọ.

Agẹṣin: látìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba, agẹṣin kan ní Ojúde Ọba, ti gba ayé kan ní 2024 ni gbogbo èèyàn ti ń béèrè irú rẹ̀. Kíyè sí awò dúdú tó wọ̀. Awò dúdú bo kòtò ojú, nítorí náà oòrùn ọ̀sán kò rí ibẹ̀ bàjẹ́. Tí agẹṣin tìrẹ kò bá wọ awò, dúró dìgbà tó bá gbójú sókè sí àwọn èrò, ìgbà yẹn ni kó o tẹ̀ ẹ́. 1/1000 ó kéré tán, kí fókọ́ọ̀sì wà lórí AI Servo (èyí tó ń tẹ̀ lé ohun tó ń rìn), lẹ́ńsì tó dé 135mm sókè kó o má bàa sún mọ́ ẹṣin. Wọ́n máa ń yìnbọn níbẹ̀, ẹṣin sì máa ń ta gìrì. Má dúró sẹ́yìn rẹ̀ láéláé, má sì tan fíláàṣì sí i lójú. Apá èjìká ẹṣin lo máa wà, jìnnà díẹ̀. Fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹṣin ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àkókò òjò ni, ojú ọ̀run lè funfun bẹ́ẹ̀. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ya agẹṣin sórí ọ̀run funfun, ojú rẹ̀ á dúdú padà. Wá ibi tí èrò tàbí igi á wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá_Gèlè (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹni tí gèlè rẹ̀ tóbi jù, ìlà ẹ̀yìn ni kí ẹ fi í sí, ẹ sì fọgbọ́n sọ ọ́ fún un o. Àbúrò, lọ dán fàráńdà yẹn wò lọ́la ní aago méjìlá àbọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tó wọ funfun, kó o gbé e wá síbí. Gbé èyí tó o kò tíì tọwọ́ bọ̀ wá pẹ̀lú èyí tó o ti ṣe edit rẹ̀, méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.